Ẹni Tí Ó Gé Páànù

Bí páálí kan bá wà nítòsí, ẹ fojú inú wo nǹkan yìí. Ẹnì kan fẹ́ gé lẹ́tà O sára páálí náà, kí ó lè máa fi kun ara ògiri. Ó fi ọ̀bẹ yí ẹ̀yìn O po, ó tún fi yí inú rẹ̀ po. Bí ó ti gbé páálí nílẹ̀, àárín O já bọ́. Ihò róbótó ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Bí kò bá fẹ́ kí àárín náà já, àfi kí ó fi ìlà tín-ín-rín méjì sílẹ̀ láìgé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí wọ́n di àárín mú bí afárá ṣe ń so bèbè odò méjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ afárá kékeré yìí la gbé wá lónìí. Kí ọdún 1935 tó dé ni àwọn ọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta ti ń yanjú rẹ̀ lórí páànù. Àwọn ni wọ́n ń gé bátánì fún àwọn aládìrẹ. Bí ó bá ṣe òde òní ni, onígíráfíìkì ni wọn ì bá máa pè wọ́n.

Àdìrẹ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìgbẹ̀ìn kò ní í pẹ́ dé ọjà Ìtòkú, níbi tí aṣọ aró ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìtàn tí àwọn aládìrẹ fúnra wọn ń sọ ni pé agbo ilé Jojọlá ní Kẹ́mta ni iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lọ́wọ́ Ìyálóde Jojọlọlá. Àdìrẹ oníko wà, tí wọ́n ń fi ikó dì. Alábẹ́rẹ́ wà, tí wọ́n ń fi òwú rán. Ẹlẹ́kọ ni ẹ̀kẹta, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin ló mọ ẹlẹ́kọ ṣe jù. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú bátánì olókìkí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣíbí á sì wà láàárín òpó sí òpó. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Wọ́n mú páànù.

Ẹni tó ń gé bátánì á wá páànù fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tó ń tòkè òkun bọ̀. Á yàwòrán sí i, á wá fi irin ẹlẹ́nu mímú àti òòlù kékeré ṣí àwòrán náà lójú kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, bí ẹyẹ akókó lára igi. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki. Wọ́n á tẹ́ tẹ́rú funfun sórí tábìlì, wọ́n á gbé páànù lé e, wọ́n á sì fi irin pẹlẹbẹ kan wọ́ ẹ̀kọ láfún náà kọjá lórí rẹ̀, kí ó lè gba ojú páànù wọlé sára aṣọ. Wọ́n á gbé páànù kúrò, wọ́n á sún un síwájú, etí rẹ̀ á bá etí ti àkọ́kọ́ mu, wọ́n á tún wọ́ ọ. Bí aṣọ bá kún tán tí ẹ̀kọ sì gbẹ, ó di ọwọ́ aláró.

Aṣọ á wọ inú ìkòkò, á jáde sínú afẹ́fẹ́, á tún padà wọlé. Bó bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ìgbà tó bá dúdú dé ibi tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n á sá a, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ jókòó sí kò rí aró mu tó bẹ́ẹ̀, òun ló máa ń hàn ní funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí páànù bò ló dúdú.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ẹni tó fi lẹ́ẹ̀dì yàwòrán sórí ìwé, ìlà tó fà ni yóò rí. Ẹni tó ń gé páànù kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò tó lu ni yóò di funfun, irin tó fi sílẹ̀ ni yóò di dúdú, afárá tó fi di nǹkan mú ni yóò di ìlà dúdú tó gba inú funfun kọjá. Ó ní láti máa fojú méjì wo iṣẹ́ rẹ̀: ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí yóò jáde nínú aró. Afárá yẹn, tó jẹ́ pé ìṣòro irin ló bí i, àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà sọ ọ́ di ẹwà. Wọ́n á gbé e gba ibi tí ìyẹ́ ẹyẹ ti pín, ibi tí ìpẹ́ ẹja ti pàdé, ibi tí ọrùn ẹran ti yà kúrò lára èjìká, débi pé ẹni tó ń ra aṣọ kò ní í mọ̀ pé ọ̀ranyàn ni. Òun yóò rò pé ọ̀nà ni wọ́n dìídì ṣe síbẹ̀.

Ní 1935, Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́. Àwòrán òun àti Ayaba Mary kún orí ohun ìrántí lóríṣiríṣi, àwọn aládìrẹ náà sì gbé e. Bátánì tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba: ọba àti ayaba nínú òbìrí láàárín aṣọ, ẹranko àti ọ̀nà yí wọn ká. Mùsíọ́mù British ní Lọ́ńdọ̀nù ní irú àdìrẹ yìí nílé. Ṣé ẹ rí ohun tí iṣẹ́ náà gbà? Fọ́tò ní dúdú, ó ní funfun, ó tún ní eérú oríṣiríṣi láàárín méjèèjì. Páànù kò mọ eérú. Ó lu ni o, kò lu ni o. Ẹni tó bá gbé ojú ọba sórí irin ní láti pinnu ohun tí ojú náà kò lè ṣe aláìní: irùngbọ̀n, adé, ìlà imú, kí ó sì ju ìyókù nù. Onígíráfíìkì tó ń ṣe àmì fún ilé iṣẹ́ lónìí, àmì tí yóò hàn lára bírò tí yóò sì tún hàn lára bọ́ọ̀dù ńlá ojú títì, ìpinnu kan náà ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà gbà á láyè láti fi ohun gbogbo sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àwọn kan fi ń rí wúruwùru. Páànù kò gba ẹnikẹ́ni láyè.

Àsìkò àwọn agébátánì wọ̀nyí kò rọrùn fún ọjà àdìrẹ. Kí ó tó di àkókò náà, àwọn oníṣòwò ti ń wá láti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà wá kó àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá, àwọn kan ń lo sódà líle àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ pé aṣọ ń ṣí, pé aṣọ ń já. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de àwọn èròjà náà, àwọn obìnrin aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1936 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí iṣẹ́ àdìrẹ. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì yẹ kó mọ ìtàn yìí, nítorí bátánì tó dára jù lọ láyé kò lè gba aṣọ tí aró rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀. Àwòrán àti ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́ kò ṣeé yà nípá.

Ọ̀rọ̀ títẹ̀ sì ti wà ní Abẹ́òkúta kí páànù tó dé. Ní 1854 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS, dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní ìlú náà, tí ó sì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá jáde níbẹ̀: Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ní 1860 wọ́n sì fi apá Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ìfọ́lé ọdún 1867 ló fòpin sí i, nígbà tí wọ́n ya wọ ilé àwọn míṣọ́n tí wọ́n sì ba ẹ̀rọ jẹ́.

Àwọn onítàn sábà máa ń sọ ohun tí ìwé ìròyìn yẹn kọ. Ọwọ́ tó tò ó kì í sábà kàn wọ́n. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nígbà náà, òjé ni wọ́n fi rọ ọ́, ó dúró lórí ìdí tirẹ̀ bí òǹtẹ̀ kékeré, ó sì kọ ẹ̀yìn síwájú, nítorí bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni yóò tó kọjú síbi tó yẹ. Ọmọṣẹ́ á máa ṣà wọ́n nínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tò wọ́n sí ìlà, á máa ka ọ̀rọ̀ sódì. Òun náà, bí ẹni tó ń gé páànù, ń ronú sí ìdàkejì.

Òkè Ìgbẹ̀ìn náà wọ inú ìtàn yìí. Ibẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther fi ṣe ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ní àwọn ọdún tó ń túmọ̀ Bíbélì tó sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Nínú ìjíròrò láàárín àwọn míṣọ́n lórí ọ̀nà ìkọ̀wé yìí ni àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ti fìdí múlẹ̀: ẹ, ọ, ṣ. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 tún gbé e yẹ̀ wò. Fún akọ̀wé, àmì tóńtó kan ni. Fún òǹtẹ̀wé, irin tuntun ni, nítorí kò sí nínú àpótí lẹ́tà tí wọ́n ń rọ fún Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà c, q, v, x àti z tí Yorùbá kò lò yóò kún inú àpótí, ọ yóò sì wọ́n.

Ìyà yẹn kò tíì tán. Ẹ wo pátákó ìpolówó àti ìwé ìpè àríyá káàkiri ìlú wa, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àmì ti ṣí kúrò lórí rẹ̀ pátápátá: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko, gbogbo wọn ti di ọ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe àìmọ̀wé nìkan ló fà á. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni é ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ru àmì lókè tó sì ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ to àmì ohùn lé ẹ lórí. Bí ẹni tó ṣe irú lẹ́tà náà kò bá ti pèsè àyè sílẹ̀ fún un, àmì náà á fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó gun orí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Onígíráfíìkì tí iṣẹ́ ń lé á ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá jù lọ ní Abẹ́òkúta. Irú lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá dáadáa wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kí a wá wọn ló kù.

Ká padà sórí afárá. Ní ilẹ̀ Japan, àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe ohun tó jọ ti Abẹ́òkúta bí ọmọ ìyá méjì. Katazome ni orúkọ rẹ̀. Ìwé tó nípọn tí wọ́n fi omi èso kan rẹ títí ó fi le ni wọ́n ń gé ní tiwọn, ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n ń wọ́ kọjá lójú rẹ̀ dípò láfún, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n ń ri aṣọ náà sínú aró bíi ti èlú. Àwọn náà bá ìṣòro àárín O pàdé. Wọ́n fi okùn sílíìkì tín-ín-rín so àwọn àárín tó dá dúró bí erékùṣù, tó fẹ́ já bọ́, mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí afárá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, Serizawa Keisuke, tó kú ní 1984, kò dúró lórí aṣọ nìkan. Ó fi ọgbọ́n bátánì ṣe kàlẹ́ńdà, ó fi ṣe ẹ̀yìn ìwé. Ní 1956 ni ìjọba Japan sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń bọlá fún bí ìṣúra orílẹ̀-èdè.

Okùn sílíìkì wọ̀nyẹn fi ọ̀nà kan hàn. Bí okùn díẹ̀ bá lè di erékùṣù mú, aṣọ alásẹ́ tí wọ́n nà mọ́ férémù igi yóò di gbogbo rẹ̀ mú. Ní 1907, Samuel Simon, ará Manchester, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà títẹ àwòrán láti ojú sílíìkì. Ohun tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni sikirin tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń tẹ aṣọ òkú, àpò ìgbéyàwó àti ẹ̀wù ìpolongo ìbò lónìí. Lórí rẹ̀, lẹ́tà O lè dá dúró láìní afárá. Manchester kan náà sì ni ọ̀pọ̀ tẹ́rú funfun tí àwọn aládìrẹ wa ń tẹ̀ ti ń wá láyé ìgbà yẹn.

Ọmọṣẹ́ tó bá ti tẹ aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta rí mọ̀ pé férémù mẹ́ta ló máa lò, ọ̀kan fún àwọ̀ kan, àti pé bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ojú ènìyàn á di méjì lára ẹ̀wù. Bó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, yóò bá àwòrán rẹ̀ ní ìpele-ìpele, ọ̀kan lórí èkejì, èyí tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé bò. Ẹni tó kọ́ ọ níwájú kọ̀ǹpútà nìkan á rò pé bọ́tìnì ni. Ẹni tó ti gbé férémù rí mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan nílẹ̀ wa ti fi ara wọn ṣe ìsopọ̀ láàárín àwòrán títẹ̀ àti iṣẹ́ ìwé. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ńláńlá, ó sì tún fi sikirin ṣe ẹ̀yìn ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957. Bruce Onobrakpeya, tí wọ́n bí ní Agbarha-Otor ní 1932, lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán títẹ̀ ní Ìbàdàn àti Òṣogbo láàárín ọdún 1960 sí 1965. Olùkọ́ ni nígbà náà ní St. Gregory's College l'Ékòó, ó sì ń gbẹ́ lino, ìtẹ́lẹ̀ ilé tó rọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ bí òǹtẹ̀, nílé. Ní 1967, ásíìdì ba páànù kan tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí jẹ́. Dípò kó jù ú nù, ó fi gọ́ọ̀mù líle dí i, ó sì rí i pé ibi tó dí yẹn ń gbé ìwé sókè nígbà tó tẹ̀ ẹ́, àwòrán náà sì ní kọ̀tọ̀kọ́tọ̀ tí a lè fọwọ́ bà. Ọ̀nà tuntun ni ó ti ibẹ̀ wá.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó kan Abẹ́òkúta tààrà. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé náà jáde ní 1968, Onobrakpeya ló yàwòrán sí i. Ní 1969 sì ni àwòrán lino mẹ́rìnlá rẹ̀ nípa ìrìn Jésù lọ sórí àgbélébùú parí, ọ̀nà àdìrẹ sì wà nínú wọn. Bí ọ̀nà tí irin gé fún aṣọ ní ọjà ṣe dé ara ìwé nìyẹn, kò dúró sí ìbàdí obìnrin nìkan.

Ní Ìtòkú àti Kẹ́mta lónìí, páànù ti wọ́n. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló gbapò rẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀bẹ tàbí abẹ fẹ́lẹ́ gbẹ́ ọ̀nà sójú fóòmù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ inú àbẹ́là gbígbóná, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, pá, pá, pá. Òǹtẹ̀ gidi ni, àbúrò lino ni, kò sì ní ìṣòro afárá rárá. Ó yá, ó pọ́ọ́kú, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ ọ. Àmọ́ fóòmù kò lè gbé ìlà tín-ín-rín bíi ti páànù, ìyẹn sì hàn lára aṣọ: ọ̀nà òní tóbi, ó sì ń dún jáde, ti àná wẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìkọ̀wé. Wàhálà tó le ju ìyẹn lọ ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tó ń fara wé àdìrẹ, tí wọ́n ń kó wọnú ọjà kan náà. Ẹ̀rọ wọn ń da afárá kọ, ìlà dúdú kékeré yẹn, níbi tí kò sí páànù tí ó fẹ́ já.

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà láàárín àwọn ayàwòrán tí a dárúkọ àti àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta tó ń gé bátánì. Bí Onobrakpeya bá tẹ àwòrán kan lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, á fi lẹ́ẹ̀dì kọ 5/25 sísàlẹ̀ ẹ̀karùn-ún, á sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó gé ojú Ọba George kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Obìnrin tó ra páànù lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, àwọn obìnrin náà sì ti ń lọ. Aṣọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó gé bátánì kò sí nínú àkọsílẹ̀.

Bí ẹ bá wà ní agbègbè Ìgbẹ̀ìn, Ìtòkú, Kẹ́mta tàbí níbikíbi nílẹ̀ Ẹ̀gbá, tí páànù olójú kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá àgbà tàbí lórí àjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ẹ nù ún. Ẹ gbé ìwé funfun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì yàwòrán rẹ̀ tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù nílé pé ta ló gé e, ọmọ agbo ilé wo ni, kí ni wọ́n ń pe bátánì náà. Kí ẹ wá fi ìṣó ha orúkọ yẹn sẹ́yìn páànù náà, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀.